Igi Tí A Gbìn Sínú Omi Tí Kì Í Fà

Oṣù mẹ́ta ni ilé ẹ̀kọ́ ní kí n fi kọ́ṣẹ́ létí òkun, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin igi ẹ̀gbà padà, igi tó ń fi gbòǹgbò gígùn dúró nínú omi iyọ̀, tí ọmọ ẹja ń sá sí abẹ́ rẹ̀. Mo ti fọ́nnu fún ẹ̀gbọ́n mi títí pé èmi ni màá gba etíkun là. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, ẹrẹ̀ ni mo ń rọ sínú ọ̀rá tí a fi ń hu ọmọ igi.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ọ̀gá wa kó wa lọ sí pápá ẹlẹ́rẹ̀ kan lẹ́yìn ọ̀nà ọkọ̀. A gbin ẹgbẹ̀rún igi, ó ya fọ́tò wa. Nígbà tí mo padà lọ kà wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mọ́kànlélógójì péré ló ní ewé tútù.

Obìnrin àgbàlagbà kan ń mú akàn nítòsí.

"Ọmọ mi, kí lo ń kà?"

"Igi tó yè ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ń gbìn ín síbẹ̀. Omi tó bá wọlé kì í fà mọ́. Iyanrìn ti dí ihò tó gba abẹ́ ọ̀nà yẹn. Ṣé ìwọ náà lè wà nínú omi tọ̀sán tòru kó o má kú?"

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Ta ló bi mí?"

Mo sáré dé ọ́fíìsì. Fọ́tò ni ọ̀gá ń wò.

"Sà, igi ò burú, omi ni kì í fà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ihò abẹ́ ọ̀nà."

"Igi gbígbìn ni tiwa. Ẹgbẹ̀rún la gbìn, ẹgbẹ̀rún ni kó o kọ."

"Wọ́n ti kú, sà!"

"Ṣé a gbìn wọ́n àbí a ò gbìn wọ́n?"

Lọ́jọ́ kejì, a tún kó ẹgbẹ̀rún mìíràn lọ sójú kan náà. Mo ń gbìn wọ́n bí ẹni ń sin òkú.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo yá ṣọ́bìrì, èmi àti ìyá alákàn ń kó iyanrìn títí ọwọ́ mi fi bó. Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde fín-ín-fín ni òkun tún kún, ó kó iyanrìn padà.

"Iṣẹ́ katapílà lèyí," ìyá alákàn wí. "Lọ sinmi."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo kọ iye tó yè sínú ìwé ìròyìn mi, mo ya àwòrán ihò náà sí i. Ọ̀gá kà á, ó tì í padà sí mi. Kò fọwọ́ sí i. Olùkọ́ mi ní iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n láìsí ìfọwọ́sí, màá tún ìkọ́ṣẹ́ náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìyá mi gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Ṣé o ò lè kọ ohun tí wọ́n ní kó o kọ ni?"

"Mo lè kọ ọ́, mà," mo ní. "Ẹnì kan ì bá sì tún máa gbin ẹgbẹ̀rún síbẹ̀ ni."

"Ṣé wọn ò wá ní gbìn ín báyìí ni?"

Wọ́n á gbìn ín. Mo bọ́ sí yàrá mi, mo tilẹ̀kùn.