Ẹ̀rí Ẹni Tí Kì Í Ráhùn

Ní Duluth, ìlú olótùútù kan ní Amẹ́ríkà, ìráhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èèwọ̀. Yìnyín lè bo ilé mọ́lẹ̀ dé fèrèsé, onílé á ní kò burú. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Verna Lindqvist sí, ibẹ̀ náà ló sì ti wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí oògùn tó ń kán sójú nítorí ojú gbígbẹ, èyí tó rà lórí àtẹ láìgba ìwé dókítà, tó ba ojú òsì rẹ̀ jẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ra oògùn náà, kòkòrò àìfojúrí sì wà nínú ìgò. Lọ́yà Brandvold kó ẹjọ́ gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan, ó fi Verna ṣe aṣojú. Bí kóòtù bá ní Verna ò yẹ, ẹjọ́ á túká, kálukú á máa dá tirẹ̀ rò. Ta ló sì fẹ́ dá gbé ilé-iṣẹ́ ńlá lọ sí kóòtù nítorí ìgò oògùn kan?

Lọ́jọ́ tí lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Verna lábẹ́ ìbúra, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ńkọ́. Ẹnu Verna ti yá kó tó rántí ibi tó wà. Ó ní kò burú, ó lè jù báyìí lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé wá síwájú adájọ́ nìyẹn: aṣojú tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan ò ṣe òun, ẹjọ́ ta ló fẹ́ rò? Brandvold fọwọ́ lẹ́rán. Ọkàn Verna bà jẹ́ gan-an, pé ẹnu òun ló fẹ́ kó bá gbogbo àwọn èèyàn yẹn.

Adájọ́ Haugen, ọmọ ìlú awakùsà kan lápá àríwá, yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìyáàfin Lindqvist, nígbà tí ọkọ yín kú, tí wọ́n ní báwo lẹ ṣe ń ṣe sí, kí lẹ fi dá wọn lóhùn?"

"Mo ní kò burú, sà."

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín, àfi lọ́yà ilé-iṣẹ́, tó ti California wá, tí kò mọ àṣà ibẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ ti búra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ráhùn fún mi."

Ojú ti Verna bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ra sílẹ̀ ní gbangba.

"Ojú òsì mi ti lọ. Mo sùn, ó ń dùn mí. Mo jí, ó ń dùn mí. Wọ́n gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Ọmọ mẹ́tàlélógún ni mò ń gbé láràárọ̀, mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Inú ń bí mi, sà. Ó ti ń bí mi láti ọdún méjì."

Ó wá tọrọ àforíjì pé ọ̀rọ̀ òun gùn.

Kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán, adájọ́ ti fọwọ́ sí i pé Verna ni aṣojú, ẹjọ́ ò túká.

Arlys, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó jókòó ní kóòtù lọ́jọ́ náà, ló fi mọ́tò gbé e délé, ó sì gé páì fún wọn. Inú Verna dùn, ara rẹ̀ fúyẹ́. Àmọ́ Arlys kàn ń fi fọ́ọ̀kì ti páì kiri inú àwo, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ẹ́, Verna. O ò sọ fún mi rí."

"Ìwọ ò mú mi búra ni."

Arlys ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nu ojú. "Ó dáa. Gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè."

Verna gbé e sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ látorí àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ kán oògùn náà.