Kọfí Lẹ́yìn Ìsìn

Ẹ̀rọ méjì ló ń ṣọ́ bàbá mi, Arvid, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ ara wọn yé. Èyí tó lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Fóònù ló fi ń kọ oúnjẹ sílẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ní yunifásítì kan ní Duluth, ní Amẹ́ríkà, ni pé kí n to orúkọ nǹkan, bí oúnjẹ àti ohun mímu, sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè máa sọ èdè kan náà. Bàbá mi ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò, torí olóòótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún un. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, àti láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, àwọn ọmọ yẹn ló ń mú un jí láràárọ̀. Dókítà ní bí òun kò bá rí ìdí tí ṣúgà rẹ̀ fi ń ga, òun kò ní buwọ́ lùwé kó máa wakọ̀.

Mo da àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Ní aago mọ́kànlá gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ṣúgà ń fò sókè, kò sì sí oúnjẹ kankan níbẹ̀. Kọfí nìkan ni, tí èmi fúnra mi tò sábẹ́ ohun mímu. Bàbá ní òun kò jẹ nǹkan kan. Inú bí mi, torí mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo tẹ̀lé e lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Verna, opó tó máa ń bu kọfí, gbé kéèkì wá. Bàbá mi kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ọmọlúàbí, ó gbà lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì jẹ ègé mẹ́rin.

"Bàbá, kí lẹ wá ń jẹ yẹn?"

"Kọfí là ń mu. Ta ló ń ka kéèkì ìdí kọfí mọ́ oúnjẹ?"

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, èmi náà kì í kà á. Lọ́jọ́ Ajé mo tún ìsọ̀rí wa tò: ẹni tó bá kọ kọfí, ẹ̀rọ á bi í ní ohun tó jẹ mọ́ ọn. Dókítà rí ìdí, ó ní kí Bàbá jáwọ́ nínú kéèkì fún oṣù kan ná.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Verna rọ Bàbá lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá sì tún kọ̀. Gbogbo tábìlì yíjú wò ó. Ẹni tó ń bínú nìkan ló ń kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta lọ́dọ̀ wa.

"Mi ò bínú o, Verna," ni Bàbá wí. "Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí. Mo sì fẹ́ máa wa bọ́ọ̀sì mi."

Verna gbé abọ́ sílẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Irú ẹ̀rọ kan náà wà lára rẹ̀.

"Ó ti pé ọdún méjì," ó ní. "Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Bàbá mi fa àga fún un. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi jọ mu kọfí lásán, títí dókítà fi buwọ́ lùwé.