Ẹ Má Pọ̀n Tèmidire

"Madam, wannan ba zai shiga ba."

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ló sọ bẹ́ẹ̀. Levi ni orúkọ tó wà lára káàdì àyà rẹ̀. Ó na igi ọwọ́ rẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ ọmọ tí Folúṣadé ń tì bọ̀, ó ní èyí ò ní wọlé. Tèmidire, ọmọ ọdún méjì, jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà, ó ń fi bísíkíìtì ra ẹnu. Lẹ́yìn wọn, èrò tó wá sí àjọ̀dún orin ti tò dé etí títì Kudenda, oòrùn sì ti mú kí inú tètè máa bí wọn.

Folúṣadé fi Hausa bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹrù. Levi mi orí. Ó ní bí òun bá jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ kan wọlé, àwọn tó ń ta kúnnú àti àwọn tó ń ti ọmọlańke náà á ní àwọn fẹ́ wọlé.

"Kí ló dé gan-an?" Ohùn obìnrin kan dún láti ẹ̀yìn. "Ṣé ìyẹn ò ní ẹ̀yìn ni?"

Ìyá Badrudeen ni, olórí àwọn obìnrin tó ń kọ wákà ní Ungwan Shanu. Ọmọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, híjáàbù bò ó dé ọrùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ márùn-ún ni mo pọ̀n, ẹ̀yìn mi ò kán," ó fi kún un. "Àwọn ìyàwó ìwòyí, wọ́n fẹ́ bímọ, wọn ò fẹ́ kí aṣọ wọn rún."

Folúṣadé ní ẹ̀yìn. Ohun tí kò ní lọ́jọ́ náà ni ẹnu, nítorí ìyá ọkọ rẹ̀ ti tì í pa.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láti ìgbà tí Tèmidire ti ń rákò, bó bá ti sunkún, nǹkan á wú jáde níbi tí itan rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ikùn ti pàdé. Ìpá ni. Dókítà Agatha ṣiṣẹ́ abẹ fún un, iṣẹ́ náà sì yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún Folúṣadé pé òde egbò lè jiná kí inú má tíì jiná. Ọmọ náà ò gbọdọ̀ ya ẹsẹ̀ gun ohunkóhun. Wọn ò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n, wọn ò sì gbọdọ̀ gbé e sí ìbàdí, títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí nìyẹn tí Folúṣadé fi lọ ra kẹ̀kẹ́ àlòkù níbi tí wọ́n ti ń ta gwánjò.

Nígbà tí Màmá, ìyá Ọládélé ọkọ rẹ̀, gbọ́, kò béèrè bóyá ọmọ ń jẹun. Ó béèrè ta ló tún gbọ́ sí i. Ìpá ló bá ọkọ Màmá dé sàréè. Nílé wọn lẹ́bàá Kábà, àwọn ọmọdé a máa kọrin tẹ̀ lé bàbá náà lọ sóko, wọn a sì tún kọ ọ́ bọ̀. Màmá ti búra pé etí Kàdúná ò ní gbọ́ pé nǹkan náà ti tún yọjú lára ọmọ ọmọ òun. "Ibà ni kí o sọ pé ó ṣe é," ó wí. "Bí o bá sọ ohun mìíràn, ìwọ lo máa wá ìyàwó fún un lọ́la." Òun kan náà ló ní dandan kí wọ́n gbé ọmọ wá sí àjọ̀dún yìí, níbi tí Ọládélé ti fẹ́ tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin ìlú wọn. Ó ní bí ojú ò bá rí ọmọ, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Màmá ti wà nínú pápá tẹ́lẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń bá ìyàwó òun fà á lẹ́nu géètì, ó jáde wá, Lois àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Lois ò tíì pé ọmọ ogún ọdún, Folúṣadé sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. "Ọkọ mi" ni Folúṣadé ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé.

"Pọ̀n ọ́n, jàre," Màmá sọ lábẹ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ mọ ohun tí dókítà sọ."

"Dókítà ò sí níbí. Èèyàn ló kún ibí."

"Mi ò lè pọ̀n ọ́n, mà."

"À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Wá ibi tí o máa gbà wọlé nígbà náà." Màmá yíjú sí Ìyá Badrudeen, ó sì gbé ohùn sókè. "Ẹ má dá a lóhùn, ìyá. Òyìnbó la gbé níyàwó."

Ẹ̀rín tún sọ. Folúṣadé di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó wolẹ̀.

Levi júwe géètì kékeré tó wà lẹ́yìn pápá fún un, níbi tí ọkọ̀ tó kó sípíkà gbà wọlé. Ó yí odi po lọ síbẹ̀. Yanrìn gbé táyà kẹ̀kẹ́ mì. Ó tì í, kò lọ. Ó fà á, ó lọ díẹ̀, ó tún rì. Nígbà tó dé ojú gọ́tà, ó gbé kẹ̀kẹ́ tọmọtọmọ mọ́ àyà, ó fi sọdá. Lois ń rìn lọ níwájú, ó ń tẹ fóònù. Kì í ṣe ìkà. Wọn ò sọ fún un rí pé nǹkan kan ṣe ọmọ náà ju ibà lọ.

Wọn ò tíì jókòó dáadáa sábẹ́ kánópì tí Ọládélé fi pè é lórí fóònù. Wáyà dùùrù rẹ̀ wà nínú báàgì Folúṣadé, kò sì ní pẹ́ kàn wọ́n.

"Màmá, ẹ dákun, inú kẹ̀kẹ́ ni kó wà," Folúṣadé bẹ̀ ẹ́. "Bó bá sunkún, ẹ gbé e dání síwájú. Ẹ má jẹ́ kó ya ẹsẹ̀."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ọmọ títọ́? Ta ló tọ́ ọkọ rẹ?"

Folúṣadé fi ọmọ sílẹ̀ fún un, ó fi ejìká la èrò kọjá dé ẹ̀yìn pèpéle. Ọládélé gba wáyà, ó ń wo ibòmíràn.

"Màmá ń yọ mí lẹ́nu kí n pọ̀n ọ́n," Folúṣadé wí.

"Fara da Màmá. Ó ku díẹ̀ ká lọlé." Ó ti tẹ̀ síwájú kó tó parí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí Ọládélé mọ̀ ọ́n sọ jù lọ ni fara dà á, torí kì í ṣe òun ló ń fara dà á.

Nígbà tí Folúṣadé padà dé abẹ́ kánópì, kúlà sobo ló wà nínú kẹ̀kẹ́, báàgì ẹnì kan sì wà lórí rẹ̀.

"Tèmidire dà?"

"Ó sunkún, ó fẹ́ di wá létí. Lois pọ̀n ọ́n lọ wòran."

"Màmá."

"Ẹ wo bó ṣe ń ranjú mọ́ mi. Bí mo ṣe pọ̀n baba rẹ̀ nìyẹn, kò kú."

Folúṣadé ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó sáré. Ẹ̀rù bà á débi pé kò mọ ìgbà tí bàtà rẹ̀ kan já. Iwájú pèpéle kún fún eruku àti ijó, sípíkà sì ń dún débi pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ igbe ọmọ. Ó rí Lois láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń fò sókè. Ọ̀já ti há mọ́ ọmọ náà nídìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ya yí ìbàdí Lois ká, orí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ sọ̀ ọ́."

"Haba, ìyàwó wa, he's fine. Ó ń gbádùn orin ni."

"Ẹ sọ̀ ọ́."

"Màmá ló ní kí n pọ̀n ọ́n. Ẹ lọ bá Màmá." Lois bẹ̀rẹ̀, ó gbọn ọmọ náà sókè kó lè tún un pọ̀n dáadáa. Tèmidire ké tòò.

Folúṣadé fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn ọmọ mú, ó fi èkejì tú ìdí ọ̀já náà. Lois pariwo. Orin tó ń lọ lọ́wọ́ sì parí ní àsìkò yẹn gan-an, tí gbogbo ojú fi yí sọ́dọ̀ wọn. Kò sí ohun tó ń tètè kó obìnrin jọ bí ìyàwó tó dìde sí ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ní gbangba.

"Subhanallah," ni Ìyá Badrudeen wí, òun ló kọ́kọ́ dé. "A kì í já ọmọ gbà lẹ́yìn ẹni báyìí. Àjẹ́ lo pè é ni?"

Lois bú sẹ́kún nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àjẹ́. Màmá náà dé, ó ń mí hẹlẹ, ó dúró sí àárín wọn.

"Ẹ bá mi bi í," ó wí fún àwọn obìnrin náà. "Kí gbogbo yín ṣẹlẹ́rìí. Kí ni ọmọ mi ṣe tí kò fi gbọdọ̀ pọ̀n ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

Ó mọ̀ pé Folúṣadé ò lè dáhùn. Ohun tó jẹ́ kó béèrè nìyẹn. Folúṣadé wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀, ó rí i pé ọkàn obìnrin náà balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ tó dùbúlẹ̀ sí apá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti yọ lára ṣòkòtò rẹ̀. Inú bí i gan-an, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Ìpá ni," ó wí. "Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún ọmọ mi, dókítà sì ní kí ẹnikẹ́ni má pọ̀n ọ́n. Màmá mọ̀. Bàbá Tèmidire mọ̀. Lois nìkan ni wọn ò sọ fún."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe Lois lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó rántí bá a wí.

Lois nu ojú. "Mama, ẹ mọ̀?" ó bi ìyá rẹ̀. "Ẹ mọ̀, ẹ tún ní kí n pọ̀n ọ́n?"

Màmá ò wo ọmọ rẹ̀. "O ti tú mi síhòòhò láàárín ọjà," ó sọ fún Folúṣadé. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Má tún fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà mi ní Kamazou mọ́."

"Mo gbọ́, mà."

Kò kúnlẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó gbé ọmọ padà sábẹ́ kánópì, ó gbé kúlà sobo sílẹ̀ kúrò nínú kẹ̀kẹ́, ó tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀, ó sì ṣí báńdéèjì wò. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ ní etí ojú rírán. Kò lè mọ̀ bóyá inú ti já. Ilé ìwòsàn ló máa lọ lójú ẹsẹ̀. Lórí pèpéle, wọ́n pe ẹgbẹ́ Ọládélé, dùùrù sì bẹ̀rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ó ti sún mọ́ géètì kékeré nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan.

"Ìyá Tèmidire."

Ìyá Badrudeen ni. Ó wo ẹ̀yìn kó tó sún mọ́ ọn. "Ilé ìwòsàn wo ni?"

Folúṣadé ń ti kẹ̀kẹ́ lọ.

"Badrudeen tí mo pọ̀n yìí náà ní i," obìnrin náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Láti ìgbà tí mo ti bí i. Bàbá rẹ̀ ní etí kejì ò gbọdọ̀ gbọ́. Àgbo là ń fún un, kò lọ. Láti àná ni ìpá náà ti le, kò fẹ́ padà wọnú mọ́." Ó nu imú. "Wọn ò gbọdọ̀ rí wa níbí. Sọ ibẹ̀ fún mi, màá dá lọ lọ́la."

Folúṣadé ṣì ń bínú sí i. Ì bá dùn mọ́ ọn kó bú u, ọ̀rọ̀ tó máa sọ sì ti wà ní ẹnu rẹ̀. Ó wo yanrìn tó kù níwájú, ó wo Tèmidire, ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà.

"Bó bá ti le, ẹ má dúró dọ̀la," ó wí. "Ọ̀dọ̀ dókítà náà ni mò ń lọ báyìí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ yín ni. Ṣùgbọ́n géètì ńlá ni màá gbà. Yanrìn yìí á mi ọmọ mi jù, mi ò sì ní gba ẹ̀yìn mọ́."

Ọ̀nà géètì ńlá gba iwájú kánópì àwọn obìnrin Ungwan Shanu kọjá. Ìyá Badrudeen dúró, ó di etí híjáàbù rẹ̀ mú. Folúṣadé ò dúró dè é. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ tó le, ojú ń tẹ̀ lé e látọ̀tún látòsì, àwọn kan sì ń na ìka sí ọmọ náà.

Ó ti ń sún mọ́ Levi kó tó gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ bi Ìyá Badrudeen pé níbo ló ń gbé ọmọ lọ, tó sọ̀ ọ́ kúrò lẹ́yìn tó gbé e máyà báyìí.

"Ilé ìwòsàn," obìnrin náà dáhùn, kò sì dúró.