Omi Tí Wọ́n Ṣọgbà Yí Ká

Ọjọ́ kẹrìnlá rèé tí Mọ̀dínátù kò bá ọkọ rẹ̀ sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ràímì mọ ohun tó fà á. Òun ni olórí ẹbí. Ọjọ́ Ajé ló máa tẹ̀ka síwèé fún agbaṣẹ́ṣe kan tó fẹ́ ra ilẹ̀ wọn ní Ìgàndó, láti etí títì dé odò Ẹlẹ́mu. Àwọn awọnlẹ̀ ti ri òpó sìmẹ́ńtì mẹ́rin mọ́lẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní òun á mọ ògiri yí gbogbo rẹ̀ ká. Odò yẹn sì ni gbogbo obìnrin agboolé ń pọn.

Nígbà tí Mọ̀dínátù lanu sí i, Ràímì dáhùn pé, "Ìyàwó ilé kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀." Àtìgbà náà ló ti panu mọ́.

Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, jáde ni. Olúkúlùkù ń ra rédíò, ń ra fáànù. Ràímì, tó ń ṣe káfíńtà níbi iṣẹ́ ìjọba, gba lífù, ó ní òun á fi hólídè tu ìyàwó òun lójú.

"Hólídè bí ti òyìnbó?" ni Olúbọ̀dé aládùúgbò wọn wí. "Ẹ rí i pé ẹ sá ara yín sóòrùn dáadáa o. Ẹ ò tíì dúdú tó."

Ní Sátidé, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Àgbádárìgì, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù kan tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Iyanrìn funfun lọ súà, àgbọn tò lọ bí ọmọ iléèwé. Ràímì gun àgbọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dùn ún. Mọ̀dínátù ṣa ìkarahun sí ìṣẹ́tí ìró. Wọ́n wọ òkun. Ìgbì kan gbé Ràímì ṣánlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ràímì rò pé ọ̀rọ̀ odò ti tán nìyẹn.

Wọ́n jẹ ẹja díndín lọ́dọ̀ àwọn apẹja, wọ́n tún rìn síwájú. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ wọn lára, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n. Apẹja kan ní kànga wà lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ lọ́hùn-ún, omi rẹ̀ tutù.

Ọgbà wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n bá. Kànga wà nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé funfun kan tí àwọn ọ̀gá ńlá máa ń wá gbatẹ́gùn sí. Mẹ́gáàdì dìde lórí àga.

"Ẹ̀yin lẹ wá gé koríko? Ẹ gba ẹ̀yìn."

"A kò wá gé koríko," ni Ràímì wí. "Omi la fẹ́ mu."

"Omi ọ̀gá ni."

"Ọ̀gá ló gbẹ́ ẹ?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n sinmi jàre. Òkun nìyẹn. Ṣé kò tó yín mu ni?"

Lójúde bàbá Ràímì, a kì í bi ẹni tó béèrè omi lórúkọ kó tó mu ún.

Ibẹ̀ ló ti rí ohun kan tí wọ́n so mọ́ òpó ọgbà: àkísà, ìgbálẹ̀, àjákù bàtà. Ààlè ni. Ràímì náà ń so ó sí oko iṣu rẹ̀ ní Ẹgàn. Ẹni tó ni nǹkan ló ń so ààlè. Olè ló ń so ó dè.

"Ìdọ̀tí àwọn ará ibí ni," mẹ́gáàdì wí. "Bí mo bá tú u, wọ́n á tún so ó."

Obìnrin kan ń kọjá pẹ̀lú ìkòkò lórí. Ó pè wọ́n. Àyìnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ erékùṣù náà ni. Ó mú wọn gba inú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún, títí wọ́n fi dé ìsun kékeré kan. Okùn sálúbàtà òsì Ràímì já sínú ẹrẹ̀. Ó fà á yọ, ó mú un lọ́wọ́.

"Ta ló ta kànga fún wọn?" ni Ràímì bi í.

"Olórí ẹbí wa. Ó tẹ̀ka." Àyìnkẹ́ bu omi fún wọn. Omi náà níyọ̀ díẹ̀. "Ó kú lọ́dún tó kọjá. Omi tí wọ́n fi wẹ òkú rẹ̀, inú ẹrẹ̀ yìí ni mo gbà lọ pọn ọ́n."

Mọ̀dínátù mu omi tirẹ̀. Kò wo ọkọ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, Ràímì kò lè jókòó jẹ́ẹ́.

"Èèyàn wo ló ń ṣọgbà yí omi ká? Olè ni wọ́n."

"Ta lẹ ń bú, Bàbá Nùsírátù?" ni Mọ̀dínátù bi í.

"Ẹni tó rà á."

"Ẹni tó tà á ńkọ́?"

Ràímì wo sálúbàtà tó já lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bú u náà. Mo ń gbọ́."

Wọ́n dé Ìgàndó. Oòrùn ti ń wọ̀. Ràímì kò yà sílé. Ó gba ọ̀nà odò lọ, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ọ̀kan lásán. Ó já okùn ìtàkùn, ó so sálúbàtà tó já mọ́ òpó sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́, ó kọjú rẹ̀ sí títì.

Mọ̀dínátù dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Agbaṣẹ́ṣe á bínú."

"Kó bínú. Lọ́jọ́ Ajé, kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ìka mi kò ní kan tàdáwà."

Mọ̀dínátù wo odò, ó wo òpó.

"Òpó mẹ́rin ni wọ́n rì," ó wí.

Ràímì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ó bọ́ ìyẹn náà.

Mọ̀dínátù jókòó sórí òkúta, ó sì bọ́ tirẹ̀ méjèèjì.