Kọ́kọ́rọ́ Inú Àpò Bàbá Folúkẹ́

"Mọ́mì, ẹ kú oríire o. Folúkẹ́ ní físà Kánádà yín ti jáde."

Bọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́bàá ọjà Longsight ní Manchester ni nígbà tí Sister Jọlá, tí òun àti Mobọ́lá jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, yíjú padà láti orí àga iwájú, tó sọ ọ̀rọ̀ yìí tayọ̀tayọ̀. Kò mọ̀ pé ọkùnrin tó jókòó ti Mobọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa Kánádà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí Mobọ́lá ti ń wá ẹnu tó máa fi sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Òní gan-an ló fẹ́ sọ ọ́, tí wọ́n bá ti wo ìlú tó, tí wọ́n bá jókòó, tí ọkọ rẹ̀ bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín tó dì sínú báàgì. Jọlá ti bá a sọ ọ́.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni Mobọ́lá dáhùn. 

"Dádì, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ti yá wa ní Mọ́mì láti ọjọ́ yìí, ẹ tún fẹ́ yá àwọn ará Kánádà. Kì í ṣe gbogbo husband ló lè ṣe é o."

"Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi," ni Ọláṣẹ́gun wí. Ohùn rẹ̀ tutù, ohùn ọ̀gá iléèwé tó ń kí òbí akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò, Mobọ́lá sì ń gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń dún níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ni. Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà láti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí Manchester nítorí pé kò sí ẹni tó fọkàn tán tó lè fi í sílẹ̀ fún. Folúkẹ́ rẹ́rìn-ín títí nígbà tó rí i. Mobọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti fi ọkọ̀ ha ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí Folúkẹ́ ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó wa ọkọ̀ mọ́.

Àkọ́bí wọn ni Folúkẹ́. Ìgbà tó bímọ ni Mobọ́lá wá bá a wẹ ọmọ, ó sì ti tó oṣù márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ọláṣẹ́gun wá wo ọmọ, kó sì mú ìyàwó rẹ̀ padà sílé lọ́jọ́ Sátidé. Àmọ́ Ìkẹ́, ìyàwó Akíndèjì, ọmọ wọn ọkùnrin, máa bímọ ní Kánádà láìpẹ́, Ìkẹ́ kò sì ní ìyá.

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe nítorí Ìkẹ́ nìkan. Mobọ́lá fẹ́ lọ. Nílé, ìyàwó ọ̀gá iléèwé ni. Níbí, òun ni Mọ́mì tó mọ gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń gba Stockport Road, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n ṣe ń na ọmọ lápá lẹ́sẹ̀, tó ń lọ sọ́jà láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì ń tì í lójú pé ó dùn mọ́ ọn.

Jọlá sọ̀ kalẹ̀ ní Ardwick.

"Bàbá Folúkẹ́," ni Mobọ́lá bẹ̀rẹ̀.

"Jẹ́ ká wo ìlú tá a wá wò."

Ẹni tó bá mọ Ọláṣẹ́gun mọ̀ pé ìbínú rẹ̀ kì í pariwo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ á sọ fún ọ pé kó nà ọ́ sàn ju kó dákẹ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ní Piccadilly, ó gbé ẹsẹ̀ síbi tí kò sí ilẹ̀, díẹ̀ ló kù kó dojú bolẹ̀. Mobọ́lá gbá a lápá mú. Ó já apá rẹ̀ gbà. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rìn, ó di okùn báàgì ìyàwó rẹ̀ mú látẹ̀yìn, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Mobọ́lá rò pé ìbínú ni. Ó ń dì í mú bí ẹni tó di okùn ewúrẹ́ mú, kó má baà já lọ sí Kánádà.

Ní gbàgede St Ann, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè yà á ní fọ́tò, torí Folúkẹ́ ní òun fẹ́ rí fọ́tò. Bàtà Mobọ́lá àti ẹyẹlé ló yà.

"Ṣé ẹ ò rí orí mi ni?"

"Fóònù rẹ yìí ò dára."

Ilé ìkàwé àtijọ́ tó wà ní Deansgate ni Ọláṣẹ́gun fẹ́ rí jù lọ. Ìtàn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ, kò sì sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò gbọ́ nípa òwú Manchester. Inú ilé náà dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì ńlá: òkúta pupa, òrùlé gíga, fèrèsé aláwọ̀ mèremère. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan.

"Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?" ni ó béèrè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Lónìí."

"Jọlá mọ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀. Ó wá ku ọkọ."

"Ẹ má bínú. Ìkẹ́ ò ní ìyá. Ta ni kó bá a wẹ ọmọ?"

"Ṣé mo ní mò ń bínú ni?"

Òṣìṣẹ́ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, bí tọkọtaya tó wá gbafẹ́.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" ni Mobọ́lá wí. "Ẹ sọ ọ́."

"Ìwọ lo mọ̀."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń bí Mobọ́lá nínú tó èyí. Bí Ọláṣẹ́gun bá ti ní "Ìwọ lo mọ̀", ó ti sọ ohun tó fẹ́, ẹ̀bi rẹ̀ á sì jẹ́ tìẹ. Mobọ́lá dìde kó má baà sọ ohun tí kò yẹ. Ó lọ dúró nídìí àpótí onígíláàsì kan tí wọ́n ń pàtẹ ìwé àtijọ́ sí. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń fi ọwọ́ tọ etí àpótí náà bọ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ìgbà tó bá ń yẹ iṣẹ́ ọmọ iléèwé wò, ó sì mi orí.

"Iṣẹ́ àwọn ará àtijọ́," ni ó wí. "Wo bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà yẹn. Ó mà dára o."

Mobọ́lá wo àpótí náà. Kò sí ìwé níbẹ̀. Aṣọ dúdú tí wọ́n tẹ́ ló wà níbẹ̀, àti káàdì pélébé tó sọ pé wọ́n ti gbé ìwé náà lọ tún ṣe. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Folúkẹ́, kò sí nǹkan kan nínú àpótí yìí."

Ọláṣẹ́gun ki ọwọ́ bọ àpò. Kọ́kọ́rọ́ dún nínú àpò rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Kó o tó kúrò nílé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀tún ti lọ. Òsì ló kù, òun náà dà bí ìgbà tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò lè padà, kí n máa kán oògùn kí ìyókù má baà lọ."

"Ta ló wá ń gbé yín jáde?"

"Ta ni ì bá gbé mi? Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ mi. Mo mọ gbogbo ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lóṣù tó kọjá, mo fi ọkọ̀ tẹ kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan mọ́lẹ̀. Ọmọ náà ò sí lórí ẹ̀."

 Àánú ṣe Mobọ́lá, inú sì bí i, kò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ, wàá wálé wá tọ́jú ojú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá wálé nítorí tèmi."

"Ẹ ò sì bi mí. Ẹ ní èmi ni mo mọ̀."

Fóònù Mobọ́lá dún, ó sáré fa ọkọ rẹ̀ jáde sí títì. Akíndèjì ni.

"Mọ́mì, ẹ káàsán mà. Ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn báyìí? Ó ti ń wọ́n sí i."

"Dúró. Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ọ sọ." Ó ki fóònù bọ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Bẹ́ ẹ bá tún ní èmi ni mo mọ̀, màá wọ bàálù Kánádà."

Ọláṣẹ́gun gbé fóònù náà sétí. Kò tíì bẹ ọmọ kankan rí láyé rẹ̀, yálà ti ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, òmíràn kọjá.

"Akíndèjì."

"Sà."

"Mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ ò ní ìyá." Ó yíjú sí Mobọ́lá. "Mo fẹ́ kí ìyá rẹ bá mi lọlé. Jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Mobọ́lá dúró sí, èjìká kan èjìká.  Nígbà tí Akíndèjì máa dáhùn, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Mobọ́lá wí. Ó rántí Ìkẹ́, tó ti ń pè é ní "Mọ́mì mi" láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó rántí bọ́ọ̀sì àti ọjà àti àyè tí kì í tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dùn ún gan-an. "Má ra tíkẹ́ẹ̀tì. Fúnra mi ni màá pe Ìkẹ́ lálẹ́ òní."

Ó gba fóònù padà, ó sì tẹ́ ọwọ́.

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Kọ́kọ́rọ́ wo?"

Mobọ́lá tún na ọwọ́ síwájú sí i.

"O ò lè wa ọkọ̀ yẹn. Ṣé o ti gbàgbé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Ògiri yẹn ṣì wà lórí ìdúró. Kẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn ńkọ́?"

 Ọláṣẹ́gun rọra yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì nà án síwájú. Kò ba ọwọ́ Mobọ́lá, ni ìyẹn bá sún ọwọ́ rẹ̀ lọ pàdé rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sí ìsàlẹ̀ báàgì, lábẹ́ mọ́ínmọ́ín tí wọn kò tíì jẹ, ó sì fa síìpù rẹ̀ pa.

"Ẹ di okùn báàgì mi mú," ni ó wí. "A fẹ́ sọdá."