Ohun Tó Ń Jẹ Eku

Eku mẹ́ta ló bọ́ láti orí àjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan já lé Àsàmáù léjìká, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì kó wọ abẹ́ ìkòkò omi. Àsàmáù kò pariwo. Ó ti pariwo tó. Ó nawọ́ sókè, ó fa ọ̀kan nínú àwọn ìdì irúgbìn àgbàdo tó so kọ́ sójú èéfín wálẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, ọ̀la ló yẹ kó gbìn ín. Kùkù lásán ló bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Májèlé kò ràn wọ́n. Ológbò tí wọ́n mú wá láti Ìkàrẹ́ ń jẹ ẹja, ó ń sùn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ yọjú sí ilé ìdáná. "Ìyá Badmus, ṣé wọ́n tún jẹ ẹ́?"

"Wọ́n jẹ ẹ́, Màmá. Ìdì méjì péré ló kù."

"Bí o bá ń tètè jí ni, wọn ì bá má jẹ ẹ́."

Àsàmáù gba ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà lọ.

Igbó ìlú òtútù ló wà nínú ìwé tó fi ń kọ́ wọn: igi tí ewé rẹ̀ ń rẹ̀ tán kí yìnyín tó dé, eku tó ń jẹ èso abẹ́ rẹ̀, òwìwí tó ń gbé eku. Àwọn ọmọ há gbogbo rẹ̀ sórí, wọ́n ń kà á bí ọmọ iléekéwú.

"Ẹ ronú ni mo ní, n ò ní kí ẹ kọrin!" Ó fi ṣọ́ọ̀kì gbá pátákó, ṣọ́ọ̀kì dá. "Bí òwìwí ò bá sí mọ́ ńkọ́?"

Hanifah, ọmọ Ọlálérè ọdẹ, nawọ́. "Eku á pọ̀, Mà."

"O ṣeun! Níbo lo ti kà á?"

"N ò kà á, Mà. Látìgbà tí bàbá mi ti yìnbọn pa òwìwí ẹ̀yìn ilé yín ni eku ò ti jẹ́ ká gbádùn. Wọ́n ti jẹ irúgbìn tiwa náà."

"Òwìwí kọ́, àjẹ́ ni!" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Àsàmáù yanu láti bá a wí, ó sì rántí ara rẹ̀. Ta ló ránṣẹ́ pe Ọlálérè? Nígbà ọyẹ́, tí ara ìyá ọkọ rẹ̀ kò yá, ẹyẹ náà ké fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Òun tíṣà ló ránṣẹ́ sí ọdẹ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi júwe ẹ̀ka tí ẹyẹ náà bà lé. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

"Ẹ jókòó," ó wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dìde.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, kò tíì pẹ́ tí wọ́n kí ìrun Mọ̀ǹgàríbì tán nígbà tí òwìwí kan ké láti orí àpáta ẹ̀yìn ilé.

"A-úsù bíláì! Ìyá Badmus, èkejì rẹ̀ ti dé! Ránṣẹ́ sí Ọlálérè kíá!" ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí.

Ara Àsàmáù bù máṣọ bíi ti ọjọ́sí. Ìwé kò wo ìyẹn sàn.

"Ẹ jẹ́ kó ké, Màmá."

"Kí lo wí?"

Àjà ni Àsàmáù tẹ́tí sí. Láti ìrọ̀lẹ́ ni àwọn eku ti ń họ igi lókè níbẹ̀. Ní báyìí, kò sí èyí tó mira.