Láti Ẹnu Tàǹtí Agathe

Félicité, olùkọ́ ní iléèwé kan ní Kétu, kọ ìtàn kan nípa ìgbéyàwó ìyá rẹ̀, kí ó lè fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí a ṣe ń kọ ìwà ènìyàn sínú ìtàn. Ọ̀dájú inú ìtàn náà ni Tàǹtí Agathe, àbúrò ìyá rẹ̀, tí kò yọjú síbi ìgbéyàwó náà. Ìgbéraga ni gbogbo ẹbí pè é. Félicité sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “Agathe jókòó sílé ní Adakplamè, ó ń yínmú.”

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Agathe wá kí wọn. Thérèse, ìyá Félicité, fi ṣàwàdà pé, “Ọmọ rẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé o!”

“Kà á kí n gbọ́,” ni Agathe wí.

Félicité kà á, ojú ń tì í. Nígbà tó parí, Agathe bi í pé, “Ẹni tó ń sọ ìtàn yìí, níbo ló dúró sí?”

“Nílé ìgbéyàwó ni, Tàǹtí.”

“Ibẹ̀ ló ti rí imú mi ní Adakplamè? Ojú rẹ̀ mà ríran o!” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Mo wá lọ́jọ́ náà. Ewúrẹ́ ni mo ń fà bọ̀ fún ìyàwó. Nígbà tí a dé Odomèta, ó já okùn. Mo lé e wọ oko ẹ̀gẹ́, mo lé e wọ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Kí n tó mú un, aṣọ mi ti fàya dé itan. Mo so ewúrẹ́ mọ́ ẹ̀yìnkùlé yín, mo gbọ́ orin, mo wo ara mi, mo padà sílé.”

Thérèse dìde. “Ìwọ lo ni ewúrẹ́ yẹn? A wá ẹni tó ni ín títí! Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ojú ló tì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó yá, ẹ ti ń bínú.”

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Félicité tún ìtàn náà kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Agathe fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé “mo”. Lọ́jọ́ Ajé, Félicité ka méjèèjì fún kíláàsì, ó sì ní kí oníkálukú kọ ìtàn láti ẹnu ẹni tó ń bí i nínú.

Fabiola, akẹ́kọ̀ọ́ kan, nawọ́. “Madámù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni tèmi. Ṣùgbọ́n n kò bá a sọ̀rọ̀ rí.”

“Lọ bá a sọ̀rọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, ojú ewé mẹ́fà ni Fabiola kọ wá, ó sì ní ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kò tíì tán.